Bíréèkì Ń Rì ní Iweka Road

(Ìpè láti Onitsha sí Ìbàdàn, aago mẹ́jọ àárọ̀ kọjá díẹ̀. Kẹ́misọ́lá, òṣìṣẹ́ báńkì, ló ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Dáhùnsí, mẹkáníìkì. Fóònù dún títí kí Dáhùnsí tó gbé e.)

KẸ́MISỌ́LÁ: Bọ̀dá Dáhùnsí, ẹ kú àárọ̀ o, ẹ kú iṣẹ́. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?

DÁHÙNSÍ: A dúpẹ́. Ṣé ẹ ti dé Asaba? Ojú Màámi—

KẸ́MISỌ́LÁ: Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́?

DÁHÙNSÍ: Kẹ́mi. O kì í béèrè ẹsẹ̀ mi láàárọ̀ Monday. Kí ló ṣẹlẹ̀?

KẸ́MISỌ́LÁ: Kò sí nǹkan. Iweka Road la ṣì wà. A kàn... a dúró díẹ̀ ni.

(Hóònù. Ọkùnrin kan ń pariwo: "Madam, comot for road na!")

KẸ́MISỌ́LÁ: Oga, abeg, motor spoil! Biko! Bọ̀dá, ṣé ẹ gbọ́ mi?

DÁHÙNSÍ: Mo gbọ́. Kí ló bàjẹ́?

KẸ́MISỌ́LÁ: Bíréèkì ni. Mo tẹ̀ ẹ́, ó rọ̀ bí ìrọ̀rí, ó ń rì lọ sílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ márúwá kan wà níwájú mi, ó ku díẹ̀ báyìí kí n kọlù ú, mo kígbe. Hand brake ni mo fà.

DÁHÙNSÍ: Yéè! Màámi ńkọ́?

KẸ́MISỌ́LÁ: Wọ́n wà nínú ọkọ̀. Ìta ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Bọ̀dá, aago mẹ́wàá ni dókítà ojú ní ká wà lọ́dọ̀ òun. Ọdún méjì la fi bẹ Màámi kí wọ́n tó gbà láti ṣe ojú yìí. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ọkọ̀ bàjẹ́ lónìí, wọ́n á ní Ọlọ́run ló ní ká padà sílé.

DÁHÙNSÍ: Ìyá wa náà nìyẹn. (Ó mí kanlẹ̀.) Ó dáa. Wọlé, tan ọkọ̀, tẹ bíréèkì, má gbé ẹsẹ̀.

(Ilẹ̀kùn. Ẹ́ńjìnnì.)

MÀÁMI (láti ẹ̀yìn): Kẹ́misọ́lá, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?

KẸ́MISỌ́LÁ: Ọ́fíìsì ni, Màámi. (Irọ́ ni o.) Ó kọ́kọ́ le díẹ̀... ó ti ń rì. Ó ti kan ilẹ̀.

DÁHÙNSÍ: Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kíákíá.

KẸ́MISỌ́LÁ: Ó gbéra! Áà, ó tún ti ń lọ.

DÁHÙNSÍ: Jáde. Wo ẹsẹ̀ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣé nǹkan ń kán níbẹ̀?

(Ẹsẹ̀ ń rìn. Hóònù lọ́tùn-ún, hóònù lósì.)

KẸ́MISỌ́LÁ: Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbẹ.

DÁHÙNSÍ: Kò jò síta, a jẹ́ pé inú ló ti ń jò. Brake master ni. Rọ́bà inú ẹ̀ ò di ọ́ìlì mú mọ́. Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ike funfun kékeré kan wà lápá dírẹ́bà... Ṣé o gbọ́ mi?

KẸ́MISỌ́LÁ: Ẹ ń já! Kí ni funfun?

DÁHÙNSÍ: Ike! Ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì bíréèkì sí!

KẸ́MISỌ́LÁ: Mo ti rí i. Ó kún dé ẹnu.

DÁHÙNSÍ: Ta ló bu kún un?

KẸ́MISỌ́LÁ: Kò sẹ́nì kankan.

DÁHÙNSÍ: Kì í ṣe gàrí, Kẹ́mi, kì í dédé wú. Ṣí ìdérí ẹ̀.

KẸ́MISỌ́LÁ: Rọ́bà abẹ́ ìdérí yìí ló wú, kò wọlé sáyè ẹ̀ mọ́. Nǹkan kan sì léfòó sókè, àwọ̀ ẹ̀ ò jọ ti ìsàlẹ̀.

DÁHÙNSÍ: Gbóòórùn ẹ̀.

(Ó fimú fà á, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì.)

KẸ́MISỌ́LÁ: Bọ̀dá, òróró àdúrà ni.

DÁHÙNSÍ: Òróró kí ni?

KẸ́MISỌ́LÁ: Òróró ólífì tí Màámi gbé wá. Tí mo bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ní Sunday, wọ́n á dúró tì í, wọ́n á máa gbàdúrà. Èmi á wọlé lọ bu omi—

DÁHÙNSÍ: Ọlọ́run mi ò! Gbogbo rọ́bà ibẹ̀ ló ti bàjẹ́ nìyẹn! Fetí sílẹ̀. Ọkọ̀ yẹn ò gbọdọ̀ gun Niger Bridge. Wọ́n máa fa gbogbo ọ́ìlì yẹn dànù, wọ́n á fọ inú ẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ master àti gbogbo rọ́bà ẹsẹ̀ táyà, kí wọ́n tó fa afẹ́fẹ́ ẹ̀ jáde. Kí ẹnikẹ́ni má tàn ẹ́ pé kó o kàn bu ọ́ìlì tuntun sí i. Wá ẹni tó máa wọ́ ọ. Ẹ̀yin, ẹ wọ mọ́tò Asaba.

KẸ́MISỌ́LÁ: Màámi ò ní wọ̀ ọ́. Bọ̀dá, ó ti rẹ̀ mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti tọrọ àyè níbi iṣẹ́ nítorí ojú yìí. Ó rẹ̀ mí gan-an ni.

DÁHÙNSÍ: Mo mọ̀. Pẹ̀lẹ́. Má sunkún.

MÀÁMI: Kẹ́misọ́lá! Dáhùnsí lò ń pè ní Bọ̀dá yẹn. Gbé e fún mi.

(Fóònù ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn.)

MÀÁMI: Àjàní.

DÁHÙNSÍ: Ẹ kú àárọ̀, Màámi.

MÀÁMI: Má kí mi. Ọkọ̀ ti kọ̀, àbí? Mo sọ fún yín. Ọlọ́run ò fẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ kan ojú mi. Ká máa lọ sílé.

DÁHÙNSÍ: Màámi, ibo lẹ ta òróró sí?

MÀÁMI: Òróró wo?

DÁHÙNSÍ: Màámi.

MÀÁMI: ...Ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí ni. Mo fọwọ́ wá a kiri, mo kan ìdérí kan, mo ta díẹ̀ sí i. Ọ̀nà ibí yìí burú, Àjàní, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni mo ní.

DÁHÙNSÍ: Ibi bíréèkì lẹ ta á sí. Kì í ṣe Ọlọ́run ló dá ọkọ̀ dúró.

MÀÁMI: Háà—

DÁHÙNSÍ: Ta ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wo ọ́ìlì lọ́rì Bàbá? Ẹ̀yin ni. Ẹ mọ̀ ọ́n lámọ̀dunjú nígbà yẹn. Ẹ ò rí i mọ́ ni, Màámi. Ẹ má bínú sí mi.

(Hóònù.)

MÀÁMI: Kẹ́misọ́lá, kí ló mú ẹ kígbe lẹ́ẹ̀kan?

KẸ́MISỌ́LÁ: Kẹ̀kẹ́ márúwá kan ni, ma.

MÀÁMI: Èèyàn wà nínú ẹ̀?

KẸ́MISỌ́LÁ: Àwọn ọmọ iléèwé mẹ́ta.

MÀÁMI: Mi ò rí wọn.

KẸ́MISỌ́LÁ: Ẹ ò rí wọn, ma.

MÀÁMI: Àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Dá mọ́tò Asaba yẹn dúró.

DÁHÙNSÍ: Màámi? Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ṣé ẹ gbọ́—

(Ìpè já.)