Káàdì Láti Ìlú Orí Òkè

Mo ti lóyún oṣù mẹ́ta fún Gàníyù, àbúrò ọkọ mi, kí káàdì ọkọ mi tó dé láti Sísílì. Ọkọ tí a ti ṣe àdúà òkú fún! Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ìyàwó ta ni mo jẹ́ báyìí?

Kápẹ́ńtà ni Ràímì ọkọ mi, níhìn-ín ní Ọ̀fà. Nígbà SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó mú kí iṣẹ́ dá, ó bá àwọn kan lọ sí erékùṣù Sísílì, lọ́dọ̀ àwọn ará Ítálì. Ó kọ̀wé pé ìlú àtijọ́ kan lórí òkè ni òun ń gbé, pé àwọn ilé òkúta ibẹ̀ ti wà kí wọ́n tó bí baba ńlá wa, ilẹ̀kùn wọn ni òun sì ń tún ṣe. Ó ní bí òun bá jí láàárọ̀, ìkùukùu a wà nísàlẹ̀ òun, òkun a sì máa dán lọ́ọ̀ọ́kán. Mo ka ibẹ̀ títí bébà fi ya. Lẹ́yìn náà, lẹ́tà ò wá mọ́. Ọdún mẹ́ta gbáko! Àwọn obìnrin ilé a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ nídìí kànga: "Ìyàwó Olókè, ṣé o ò ní gùn ún lọ bá a ni?" Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú.

Ará Ẹ̀rìn-Ilé kan ló ti ibẹ̀ dé, tó wá bá ìyá ọkọ mi. Ó ní kápẹ́ńtà kan já bọ́ láti orí òrùlé ní ìlú orí òkè yẹn, wọ́n sì ti sin ín. Kò mọ orúkọ rẹ̀. "Ọ̀fà" ni gbogbo wọn ń pè é. Igbe ta, kò sẹ́ni tó tún béèrè nǹkan kan. Èmi nìkan ni mo sin àlejò náà dé ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ó kọlà?"

"Ó kọlà, mẹ́ta mẹ́ta lẹ́rẹ̀kẹ́."

Ọkọ mi kò kọlà rárá.

Mo dákẹ́. Kí ló dé tí mo fi dákẹ́? Bóyá mo rò pé àlejò náà ṣe àṣìṣe nípa ilà ni. Bóyá ìdúró ló sú mi. Èmi gan-an ò mọ̀. Mo ṣe opó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, ẹbí ní kí Gàníyù ṣú mi lópó kí n má bàa fi ilé sílẹ̀, mo sì gbà. Ó tọ́jú mi, n kò lè purọ́ mọ́ ọn.

Ni káàdì bá dé: àwòrán ìlú náà, ilé tò lórí òkè fíofío. Ọwọ́ Ràímì ló kọ ẹ̀yìn rẹ̀: "Ara mi ni kò yá. Mò ń bọ̀. Dúró dè mí." Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ ti parẹ́, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó kọ ọ́. Ìyá ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún: "Àbí kó tó kú ló kọ ọ́?" Gàníyù kọjú sí mi. "Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni kí n tún máa pè ọ́ ni?"

Ààfáà ní kí a kọ́kọ́ wádìí ẹni tó kú. Èmi sì mọ ohun tó lè yanjú ẹ̀. Bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ ilà yẹn, ojú wo ni Gàníyù máa fi wò mí? Bí n kò bá sì sọ ọ́ ńkọ́? Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Gàníyù ti kó lọ sí yàrá ìyá rẹ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́fà tí a ti kọ lẹ́tà sí Sísílì, èsì kò tíì dé. Mo ti bímọ, ọkùnrin ni. Ọjọ́ kẹjọ kọjá lánàá, wọn kò tíì sọ ọ́ lórúkọ; wọ́n ní ó di ìgbà tí èsì bá dé.