Aṣọ Ìnura Nínú Àjà Ọkọ̀

Ẹ má jù ú nù, ọ̀gá ẹlẹ́rọ, ẹ gbé e wá kí n wò ó dáadáa. Tìyàwó àbúrò ọkọ mi ni, òun nìkan ló ní irú aṣọ ìnura yìí nínú ọkọ̀ tí a fi ṣe ilé. Ẹ ní ibo lẹ ti fà á yọ? Nínú ihò afẹ́fẹ́ tó wá síwájú, lókè ibi tí ìyá mi ń sùn tẹ́lẹ̀? Háà! Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ló wà.

Nígbà tí a fẹ́ ra ẹ̀rọ amúlétutù, èmi ní ká ra èyí tó ń fẹ́ lójú kan, ká kàn án mọ́ òrùlé níwájú, ariwo tó bá wù ú kó máa pa. Àbúrò ọkọ mi ní rárá o, Akọ̀wé tí mò ń kúnlẹ̀ kí, tí mò ń pè lọ́kọ, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo máa ń fà á lọ́wọ́ lọ sílé ìwé. Ó ní èyí tó ń gba inú àjà ló dáa, kó máa yọ ní yàrá kọ̀ọ̀kan, kò níí pariwo, á sì kárí gbogbo wa. Mo ní ó dáa, ọkọ mi, kó rí bẹ́ẹ̀.

Ó kárí lóòótọ́! Akọ̀wé àti ìyàwó ẹ̀ lẹ́yìn ń fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bora lọ́sàn-án gangan, èmi àti ọkọ mi ń rí díẹ̀díẹ̀ láàárín, ìyá mi níwájú wá ń làágùn bí ẹni tó ń roko, bẹ́ẹ̀ ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Bó bá sọ̀rọ̀, Akọ̀wé á gbọ́wọ́ sójú ihò, á ní afẹ́fẹ́ mà ń jáde, ara àgbà ló ń gbóná. Ìyàwó ẹ̀ á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá." Ẹni tó mọ ohun tó fi dí i! Èmi ọmọ bíbí inú ẹ̀ sì gbà wọ́n gbọ́, mo gbé ìyá mi lọ sọ́sibítù, wọn ò rí nǹkan kan. Ló bá dẹrù ẹ̀, ó ní òun ò fẹ́ kú sínú mọ́tò kóun di wàhálà sí mi lọ́rùn. Yàrá kan lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé kan ló ń dá gbé báyìí, kò sẹ́ni tó máa bu omi fún un.

Ẹ ní bí wọ́n bá dí tiwájú, gbogbo afẹ́fẹ́ á kọrí sẹ́yìn? Ẹ ṣeun, ó yé mi.

Kí lẹ tún wí? Pé ihò ti là, kó máa fẹ́ bẹ́ẹ̀? Wọ́n á wá aṣọ mìíràn ni. Ẹ má sì sọ pé kí n fi wọ́n lé Ọlọ́run lọ́wọ́, Ọlọ́run náà ló gbé yín gun òrùlé yẹn. Ọkọ mi ńkọ́? Òun ló ni ọkọ̀, èmi ni mo ni òun.

Ẹ gbọ́ iṣẹ́ tí mo bẹ̀ yín. Ẹ tú gbogbo páìpù inú àjà dànù. Fèrèsé òrùlé wà níwájú, ojú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé ẹ̀rọ yẹn sí, kó máa fẹ́ lójú kan, lórí ibùsùn ìyá mi gangan. Mò ń lọ gbé e bọ̀ lónìí. Àwọn ihò tó wà ní yàrá tiwọn, ẹ má dí wọn o, ẹ jẹ́ kó là sílẹ̀ lókè orí wọn, kí wọ́n dùbúlẹ̀ sínú ooru, kí wọ́n máa retí afẹ́fẹ́. Mo fẹ́ máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń yí láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Oorun tí mo máa sùn lọ́jọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni má jí mi.