Kókó Okùn Tí Mo Tú Nínú Òjò

Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ náà wọlé, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni má sì dá sí ọ̀rọ̀ mi títí n ó fi sọ ọ́ tán. Láìpẹ́ wọn yóò gbé mi lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, wọn yóò fún mi ní abẹ́rẹ́ oorun. Bóyá n ó jí, bóyá n kò ní jí, dókítà fúnra rẹ̀ kò lè búra. Ṣùgbọ́n a kì í fi iná sórí òrùlé sùn, iná orí òrùlé tèmi sì ti ń jó láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge. Ẹ̀rù ikú ń bà mí, n kò ní purọ́. Ẹ̀rù ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti pẹ́ lára mi ju ti ikú lọ.

Àwọn ọmọ mọ̀ pé ẹ kì í so nǹkan lẹ́ẹ̀kan. Okùn ìsáṣọ, ẹ̀ẹ̀mẹta. Okùn bàtà, ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí òjò bá ṣú, ẹ ó jáde lọ máa fọwọ́ fa gbogbo ohun tí ẹ ti so wò. Wọ́n ń pè yín ní Bàbá Oníkókó, èmi náà á sì bá wọn rẹ́rìn-ín, èmi ọ̀dàlẹ̀. Torí tiwọn ni n ó ṣe sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé Gàgàrà ni wọ́n ń pè yín nígbà kan, nítorí ẹ kò nílò àkàbà, àti pé ẹ̀yin lẹ máa ń ta tapólì, aṣọ ńlá tí òjò kì í wọ̀, bo orí ìtàgé fún ẹgbẹ́ òṣèré tó ń ṣeré ní gbangba. Kò sí ẹni tó mọ okùn tó yín.

Ọmọṣẹ́ télọ̀ ni mo jẹ́ nígbà náà. Mo fẹ́ lọ wòran, n kò sì ní aṣọ gidi. Mo bá jí aṣọ oníbàárà wọ̀, aṣọ sílíìkì funfun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rán tán. Mo ní kí wọ́n tó wá gbà á, n ó ti dá a padà. Eré bẹ̀rẹ̀, òjò náà bẹ̀rẹ̀. Iwájú ni mo jókòó sí, lábẹ́ etí tapólì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó irin tí wọ́n so okùn tapólì mọ́. Omi ń gbá jọ lókè, inú tapólì wá yọ bí inú aboyún. Nígbà tí wọ́n pa iná láti tún ìtàgé ṣe, ẹ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ tú okùn náà, ẹ wé e mọ́ ọwọ́, ẹ ń dẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Tapólì dàgẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn, omi sì ya gba orí ìtàgé tó ṣófo lọ sínú gọ́tà. Ẹ so ó padà, ẹ wá wò mí, ẹ ní, “Arábìnrin, ẹ má fọwọ́ kan okùn yìí o. Àfi tí kò bá sí èèyàn lórí ìtàgé là ń tú u.” Mo ní mo ti gbọ́.

Mo gbọ́ lóòótọ́. Ẹ kíyè sí i, mo gbọ́. Òjò wá le sí i, atẹ́gùn ń gbá tapólì bí ẹni ń na ẹní, iná orí ìtàgé ń jù síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ ti sáré lọ di òpó ẹ̀gbẹ́ kejì mú. Ẹ̀kán omi kan bọ́ sí èjìká aṣọ funfun náà, ó pọ́n, nítorí òpó ti dógùn-ún. Òmíràn tún bọ́. Wọ́n ní òjò kò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa, ṣùgbọ́n ojú ọ̀gá télọ̀ mi nìkan ni mo ń rí. Òṣèré tó ń ṣe adájọ́ ti dìde lórí ìtàgé, ó gbé ọwọ́ sókè láti dá ẹjọ́, gbogbo èèyàn ń wò ó, kò sí ẹni tó ń wò mí. Mo na ọwọ́ sí okùn. Kókó yẹn le, òjò ti mú un wú. Mo fi èékánná, mo fi eyín. Ìka télọ̀ mọ kókó títú. Mo ní díẹ̀ péré ni n ó dẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n bó ṣe tú báyìí, ó já gbà lọ́wọ́ mi, ó bó àtẹ́lẹwọ́ mi, ni tapólì àti omi àti òpó irin bá wó lu adájọ́. Iná kú. Nínú òkùnkùn yẹn, mo gbọ́ ohùn rẹ̀, kì í ṣe ohùn eré mọ́. Ó ń pe ìyá rẹ̀. Ó yè é, ṣùgbọ́n kò fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn mọ́ títí ó fi kú.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ ló burú dé. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá àwọn òṣèré wá sí ṣọ́ọ̀bù wa, ó ní àwọn tó jókòó níwájú ni òun ń bi. Ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Bí mo bá jẹ́wọ́ okùn, mo ti jẹ́wọ́ aṣọ nìyẹn. Mo pa ọwọ́ mi dé, mo ní, “Mo rí i nígbà tó ń so ó. Ó ń bá àwọn èèyàn ṣẹ̀fẹ̀, kò wo okùn. Ó tú fúnra rẹ̀ ni.” Ẹ kàn wo ọwọ́ yín. Àpá àtẹ́lẹwọ́ mi tí mo sọ fún yín pé áyọ́ọ̀nù ló jó mi, òun rèé. Aṣọ tí mo torí rẹ̀ pa èèyàn lára náà sì bàjẹ́ síbẹ̀.

Wọ́n lé yín lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí n jọ̀ọ́ kí n fi bí ẹ ṣe so ó hàn yín, kí ẹ lè mọ àṣìṣe yín. Ẹ tún wá. Ẹ tún wá. Ẹ̀rù yín ń bà mí, àánú yín ń ṣe mí, mo sì fẹ́ yín. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, ẹ dìde láàárín èrò, ẹ ní èmi nìkan ló sọ òtítọ́ fún yín lójú. Nígbà tí àkọ́bí wa fẹ́ kọ́ iṣẹ́ okùn lọ́wọ́ yín, ẹ kọ̀, ẹ ní ọwọ́ yín kò ṣeé fọkàn tán. Mo wà nínú yàrá, mo gbọ́.

Ó tán. N kò bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí báyìí torí pé mo ń lọ sábẹ́ ọ̀bẹ. Ọwọ́ yín kò ṣàṣìṣe rí; ẹ gbà á padà lọ́wọ́ mi ná, kí ẹ tó ro tèmi. Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí mo fẹ́ dáàbò bò kò ju aṣọ kan lọ. Ẹ wo iye ohun tó bá a lọ. Àwọn tó máa gbé mi lọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Aṣọ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n wọ̀ fún mi yìí, ẹ̀yìn ni okùn rẹ̀ wà, ọwọ́ mi kò tó o. Nọ́ọ̀sì fẹ́ so ó, mo ní kó fi sílẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ mi, bí ẹ bá lè fọwọ́ kàn mí, ẹ bá mi so ó. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó.