Dráífà Méjì Lórí Káàdì Kan

Mo gbé láptọ́ọ̀pù mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Alákijà, mo sì bá bàbá kan tó dé fìlà àrán níbẹ̀ tí inú ń bí.

"Ẹnjiníà, láti àná tí mo ti ṣe ọ́pugíréèdì tí láptọ́ọ̀pù mi ní kí n ṣe, ojú ẹ̀ kàn ń tàn, ó ń kú ni. Ọ̀sán yìí ni mo sì fẹ́ fi pulánù ilẹ̀ ẹbí wa ní Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá han oníbàárà. Ẹni tá a kọ́kọ́ tà á fún ò tíì kọ́lé sí i, ṣé ká wá máa wo ilẹ̀ lásán ni?"

Ẹnjiníà ò gbójú sókè. "Bàbá, dráífà ló ń darí káàdì tó ń gbé àwòrán jáde. Ti tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ọ́pugíréèdì yín tún kó tuntun wọlé. Àwọn méjèèjì ló ń sọ pé àwọn làwọn ni káàdì."

"Káàdì kan ṣoṣo?"

"Ẹyọ kan, sà."

Bàbá ṣí fìlà. "Ìwà ìkà gbáà nìyẹn. Wọ́n mọ̀ pé ẹnì kan wà ńbẹ̀, wọ́n tún lọ mú òmíràn wá. Ta ló fọwọ́ sí i?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Láptọ́ọ̀pù bi yín, ẹ sì tẹ̀ ẹ́ pé ẹ gbà."

Bàbá dé fìlà padà. "Kí lo wá fẹ́ ṣe sí i?"

"Màá lé àwọn méjèèjì jáde, kí n tó dá èyí tó tọ́ padà."

"Ìjà ò ní ṣẹlẹ̀?"

"Nínú láptọ́ọ̀pù, kò ní ṣẹlẹ̀, sà."

Fóònù bàbá dún. "Ẹ máa bọ̀, ọ̀gá. Ilẹ̀ yẹn ò ní wàhálà kankan."