Ọ̀nà Ìdí-Apá Tí Mi Ò Rìn Rí

Màmá Ṣàíbù, ẹ sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Àwọn dókítà ti ní kò sí ohun tí àwọn tún lè ṣe, mi ò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Èmi Cornelius, tí ẹ ń pè ní Tíṣà, èmi ni mo júwe ibi tí ọmọ yín àti ìyàwó rẹ̀ lọ tí wọn ò fi padà mọ́.

Lọ́dún 2019 tí wọ́n ti bọ́dà pa, mò ń ṣèwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé. Ìṣirò kan ni, tó wà fún ẹni tó gbọ́dọ̀ pinnu nígbà tí ohunkóhun ò dá a lójú. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó máa ń bi ọ́ pé báwo ni ọ̀nà kan ṣe dára tó, láti òdo dé ọ̀kan. Mò ń bi àwọn àgbẹ̀ Ijoun léèrè nípa àwọn ọ̀nà ẹ̀bùrú tó wọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, mò ń sọ ọ̀rọ̀ wọn di nọ́ńbà. Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé, tí oko rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà Ìdí-Apá, wò mí títí. "Tíṣà, ẹ má kọ ibẹ̀ sílẹ̀. Mo ti rí ẹni tó wọ̀ ọ́. Mi ò lè sọ pé ó jáde, mi ò sì lè sọ pé kò jáde." Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọ̀gá mi ní yunifásítì ń dà mí láàmú pé iṣẹ́ ò pé, mo jókòó sílé, mo kọ ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá sí ọ̀nà Ìdí-Apá tí ẹsẹ̀ mi ò tẹ̀ rí. Òpùrọ́ ni mí.

Lọ́sẹ̀ kejì, Ṣàíbù gbé ọ̀kadà dé, Àṣìkẹ́ ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn. Ìyá Àṣìkẹ́ ń kú lọ ní Pobẹ̀ lódìkejì bọ́dà, kọ́sítọ́ọ̀mù sì ti dí títì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Ọ̀nà wo ló dáa jù?" Nọ́ńbà irọ́ yẹn ló ga jù. Ojú tì mí láti jẹ́wọ́. Mo ní, "Ẹ gba Ìdí-Apá."

Lọ́sàn-án mo pè é. "Ṣé ẹ ti dé?"

"A ti dé díẹ̀."

"Kí ni díẹ̀, Ṣàíbù?"

"Igi apá yìí, a ti kọjá rẹ̀ lẹ́ẹ̀meje. Oòrùn ò kúrò lójú kan. Àṣìkẹ́ ní òun ń gbọ́ ohùn ìyá òun níwájú." Mo gbọ́ tí Àṣìkẹ́ dáhùn pé, "Màmá, mò ń bọ̀." Fóònù dákẹ́. Lẹ́yìn náà la gbọ́ pé ìyá yẹn ti kú láti àárọ̀.

Ibi tó burú jù nìyí. Lọ́jọ́ kẹta ẹ di ẹsẹ̀ mi mú, ẹ ní, "Tíṣà, ọ̀nà wo ni wọ́n gbà?" Mo ní ọ̀nà etí odò ni, kí ẹnikẹ́ni má baà yẹ iṣẹ́ mi wò. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko làwọn ọdẹ fi tú igbó tí wọn ò sí. Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé wá sọ fún mi pé òun ń gbọ́ ìró ọ̀kadà lẹ́yìn oko òun lójoojúmọ́, á jìnnà, á tún sún mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó panu mọ́. Mo gba oyè mi, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ẹ bá mi sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣèwádìí pé, bí wọn ò bá mọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ pé àwọn ò mọ̀. Màmá, ẹ dárí jì mí tí ẹ bá lè. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá mi lóhùn, ẹ kọ́kọ́ pe àwọn ọdẹ. Ìdí-Apá ni wọ́n gbà, Màmá. Ìdí-Apá ni.