Ìnṣọ́ránsì Tí Wọ́n Gbàdúrà Sí

Ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ bàtà mi ní Fádèyí ni ọlọ́pàá ti dá awakọ̀ kan dúró, tó sì tẹ nọ́ńbà ìwé ìnṣọ́ránsì rẹ̀ sórí fóònù.

“Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kadà kan ló ni ìnṣọ́ránsì yìí.”

“Ọ̀kadà kẹ̀? Ẹni tó bá mi ṣe é tiẹ̀ gbàdúrà sí i kó tó gbé e fún mi!”

“Àdúrà ò wọnú fóònù. Ayédèrú ni. Mọ́tò yín ń bá wa lọ sí àgọ́.”

Àdúrà ò wọnú fóònù! Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí, àfìgbà tí awakọ̀ káwọ́ lérí.

“Yéè! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlu mọ́tò obìnrin kan ní Pedro ni. Mo ní kó má sunkún, ìnṣọ́ránsì mi á tún un ṣe. Ó dúpẹ́ títí! Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un tẹ̀ wò.”