Èmi Ni Mo Yọ Haleem Nínú Omi

Ẹ má wulẹ̀ bu omi fún mi, Ẹ̀gbọ́n. Omi ló gbé mi wá síbí, mi ò fẹ́ rí i sójú. Ẹ jókòó. Ẹ má pe ẹnikẹ́ni sí i, ẹ jẹ́ kó jẹ́ èmi àti ẹ̀yin nìkan, torí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí lójú èrò, gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó ò ní gbà wá. Láti àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń gbé e mì. Ẹ̀gbọ́n Àdìjátù, Haleem ọmọ yín kọ́ ló yọ mí nínú omi. Èmi ni mo yọ ọ́. Èmi Memunat, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì tí ẹ ń wò yìí.

Ẹ ò mọ ohun tí ojú mi rí lọ́jà lánàá. Mo dé Òkè Àrin, mi ò tíì ṣí ṣọ́ọ̀bù tán, Mariyah tó ń ta bisikíìtì ní òdìkejì mi ti kúnlẹ̀, ó ní, “Ìyá Jimoh, ẹ kú ewu omi o, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́.” Mo ní ewu wo? Ó ní èyí tí Haleem fà yín yọ nínú ẹ̀. Àwọn alábàárù mọ̀. Oníbàárà tó wá ra móòtì inú agolo tí mò ń tà ò kọ́kọ́ béèrè ọjà, ó ń béèrè bóyá omi ṣì wà ní etí mi. Jimoh ọmọ mi pè mí láti Ìlọrin, ó ń sunkún, ọkùnrin onírùngbọ̀n, ó ní òun ti ra aago ọwọ́ ránṣẹ́ sí Haleem láti fi dúpẹ́. Aago, Ẹ̀gbọ́n. Fún ẹni tí mo di ẹ̀yìn ẹ̀wù ẹ̀ mú, tí mo wọ́ bọ̀ létí omi bí àpò ìrẹsì.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà rò pé mo kàn ń bínú lásán.

Ẹ rántí bí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe gbé mi ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀yin náà lẹ bá mi dé ọsibítù. Dókítà ní bí mi ò bá máa lo ara mi, oògùn nìkan ò ní gbé mi débìkan. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni Haleem wá ra móòtì lọ́dọ̀ mi, ó ní àwọn ẹgbẹ́ òun ló fẹ́ mu ún. Mo ní ẹgbẹ́ wo? Ó ní ẹgbẹ́ tráyátílọ́ọ̀nù. Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ó ní èèyàn á lúwẹ̀ẹ́, kò ní sinmi, á bọ́ sórí kẹ̀kẹ́, kò ní sinmi, á sọ̀kalẹ̀, á tún máa sáré lọ. Mo ní ta ló ń lé wọn? Ọmọ yín rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé páálí sílẹ̀.

Mo ní èmi náà fẹ́ wọ ẹgbẹ́ yẹn. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹ lè máa bá wa tọ́jú ọsàn àti omi.” Mo ní, “Haleem, ọsàn kọ́ ni dókítà ní kí n lọ tọ́jú.” Ó wá kọ orúkọ mi sílẹ̀. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ náà pé òfin kan ṣoṣo làwọn ní, pé àwọn kì í fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ sẹ́yìn. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń búra.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a gun kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì o, kì í ṣe ti Màrúwá tó ń gbé èrò, a pàdé ní Màrínà lẹ́yìn ìrun Àsùbáà. Aṣọ mú àwọn ọmọ yẹn lára bí èèpo ṣe mú ẹ̀wà. Ìjókòó kẹ̀kẹ́ ò tó àtẹ́lẹwọ́, ẹni tó ṣe é ò ro ti irú àwa yìí mọ́ ọn. Mo wọ ṣòkòtò mi tó fẹ̀, mo fi píìnì de híjáàbù, mo dé akoto lé e. Kí n tó dé ẹsẹ̀ afárá Falomo, mi ò rí ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn tí kì í fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Mo sọ̀kalẹ̀, mo ń ti kẹ̀kẹ́ gun afárá bí ẹni ń ti bárò, nígbà tí mo fi máa dé ibi tí wọ́n ti ń sinmi, wọ́n ti mu móòtì tán.

Ìyẹn gan-an, mo ti fi jì wọ́n. Mi ò tìtorí ẹ̀ wá. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo padà lọ. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mo padà lọ. Nígbà tó di oṣù kẹta, mo gun afárá yẹn láìsọ̀kalẹ̀, mo dé òkè ẹ̀, mo sunkún. Mi ò purọ́ fún yín. Láti ìgbà tí bàbá Jimoh ti kú, mi ò rí nǹkan kan tí mo fi ara mi ṣe tí orí mi wú tó bẹ́ẹ̀. Mo padà sọ́dọ̀ dókítà, ó wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó tún un wọ̀n, ó ní kí ni mo ń lò. Mo ní afárá Falomo.

Ó wá ku omi. Haleem ló ń kọ́ wa nínú adágún òtẹ́ẹ̀lì kan, ó ń fi ìka hàn mí bí wọ́n ṣe ń mí. Èmi tí bàbá mi jẹ́ ọlọ́kọ̀, tó jù mí sómi ní Èbúté Èrò nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, tó ní bí mo bá dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ òun á fún mi ní àkàrà. Mo dákẹ́, mo ń mí bó ṣe ní kí n máa mí. Ẹni tó bá wọ iléèwé, ó yẹ kó gbọ́ ti olùkọ́.

Àfi Sátidé tó kọjá yìí. Wọ́n fi ọkọ̀ gbé wa lọ sí Takwa Bay, torí inú ọ̀sà ni ìdíje oṣù tó ń bọ̀, kì í ṣe inú adágún. Wọ́n ti so bálúù pupa ńlá kan mọ́ ìdákọ̀ró láàárín omi, ká lọ yí i po, ká padà. Haleem bẹ́ síwájú, ó ń fọ́n omi káàkiri bí adìyẹ tó já sínú ọpọ́n. Èmi ń fi ẹ̀gbẹ́ bọ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́yìn, bí bàbá mi ṣe kọ́ mi. Àwọn tó kù ti yí bálúù po, wọ́n ti kọjú sétí omi. Nígbà tí mo débẹ̀, mo rí orí kan tó ń lọ tó ń bọ̀, ó ya ẹnu sókè, kò pariwo. Ẹ̀gbọ́n, ẹni tí omi fẹ́ gbé kì í pariwo. Ọkọ̀ aláàbò tí ẹgbẹ́ háyà, etí ilẹ̀ ló wà, ẹni tó yẹ kó máa wò wá ń jẹ àgbàdo.

Mo ní, “Haleem, kí ló dé?”

Ó ní, “Màmá, ẹsẹ̀ mi.”

Pajápajá ti mú un. Kí n tó súnmọ́ ọn tán, ó ti rọ̀ mọ́ mi lọ́rùn, ó ń gùn mí bí ẹni ń gun àgbọn, àwa méjèèjì bá gba ìsàlẹ̀ lọ. Ẹ má bínú, mo gbá a létí. Mo gbá a dáadáa. Ló bá tú mi sílẹ̀. Mo ní dojú kọ òkè, máa ka Kúlíúwálláhù, má ṣe nǹkan mìíràn. Mo di ẹ̀yìn ẹ̀wù ẹ̀ mú, mo ń fi ẹsẹ̀ ti omi, mò ń wọ́ ọ bọ̀. Ó ka Kúlíúwálláhù náà, súrà tí ọmọ iléekéwú mọ̀ lórí, débi kan, ó gbàgbé èyí tó kù, èmi ni mò ń rán an létí, èmi tí mò ń wá èémí.

Nígbà tí omi mọ wá ní ìbàdí, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan iyanrìn. Bó ṣe kan iyanrìn báyìí, ọmọ yín nà ró, ó gbé apá lé mi léjìká. Mo rò pé ó ń fara tì mí ni. Dáfídì tó ń ya fọ́tò fún ẹgbẹ́ sì yà á. Ọmọbìnrin kan ké sí Haleem láti orí ilẹ̀ pé, “Kápútéènì, ṣé ó ti rẹ Màmá ni?” Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Mímì orí yẹn ni mo tìtorí ẹ̀ wá, Ẹ̀gbọ́n. Kò fi ẹnu purọ́. Ó kàn mi orí, àmì ìka mi ṣì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ẹ̀.

Bá a ṣe ń padà nínú ọkọ̀, ó jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú lábẹ́ táwẹ̀ẹ̀lì, ó rọra ní, “Màmá, ẹ ṣé. Ẹ jọ̀ọ́.” Àánú ẹ̀ ṣe mí. Mo ní ọ̀dọ́ ni, ojú ń tì í, bó bá délé tí ara ẹ̀ balẹ̀ á sọ òótọ́. Mo bò ó láṣìírí. Àṣírí tí mo bò ló wá di aṣọ tó fi ń ṣe fáárí. Ọjọ́ kejì, fọ́tò dé orí Wasáàpù ẹgbẹ́, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, “A kì í fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Kápútéènì wa padà sínú omi torí Màmá wa.” Gbogbo wọn ń pàtẹ́wọ́. Mi ò mọ lẹ́tà tẹ̀ dáadáa, mo bá fi ohùn sọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko, mo sọ gbogbo ẹ̀ bí mo ṣe ń sọ fún yín yìí, bálúù, ìgbájú, Kúlíúwálláhù, mo fi ránṣẹ́. Kò tíì tó ìṣẹ́jú kan tí ẹni àkọ́kọ́ fi dáhùn pé, “Àmín, Màmá.” Ẹlòmíràn ní, “Ẹ má dúpẹ́, Màmá, ìdílé kan ni wá.” Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni mo fi sọ̀rọ̀ o. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ.

Ó ṣì ń bọ̀. Wọ́n ṣe ìpàdé ẹbí lé mi lórí. Kàsímù, àbúrò ọkọ mi, ní ìyàwó ilé àwọn ò ní bómi lọ. Ó gbé kẹ̀kẹ́ mi wọ yàrá ẹrù, ó tì í, ó ju kọ́kọ́rọ́ sápò. Wọ́n ní bó bá jẹ́ eré ìdárayá ni, kí n máa rìn yí agboolé po. Ìdíje ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ẹ̀gbọ́n. Orúkọ mi ti wà níbẹ̀. Ṣé bí mo ṣe máa padà sí ìgbà tí mò ń di ògiri mú kí n tó dìde nìyẹn, nítorí ẹnì kan tó mi orí?

Ẹ̀yin náà wá dìde níbi àdúrà àṣàlátù ọjọ́ Àìkú, ẹ ní ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó lo Haleem láti gba ẹ̀mí là. Èmi ni mo jókòó lẹ́yìn yín. Wọ́n ń kàbárà, mo ń ṣe àmín pẹ̀lú wọn, omijé ń bọ́ lójú mi, àwọn obìnrin ń gbá mi lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n ní ìdùnnú ni.

Kí lẹ wí?

Ẹ tún un sọ. Ó ti sọ fún yín? Ìgbà wo? Sátidé gan-an. Ẹ wá mọ̀ kí ẹ tó dìde láṣàlátù.

Rárá, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi, ẹ̀yin lẹ jù mí lọ. Ẹ padà sórí àga. Ẹ ní ojú tì yín láti sọ pé opó ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ló gbé ọmọkùnrin yín jáde nínú omi. Ó yé mi. Wàláhì, ó dùn mí, ṣùgbọ́n ó yé mi. Ẹ ní kí ni? Kò jẹun láti ìgbà náà? Ẹ̀rù ń bà á, kò lè wọ inú omi mọ́, òun tó jẹ́ olórí wọn? Kí ló wá dé tí kò wá bá mi? Ṣé mo máa jẹ ẹ́ ni? Mo ti gbá a létí lẹ́ẹ̀kan, kò ku òmíràn.

Ó dáa. Ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́. Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí, tí wọ́n bá ti kírun tán, kí Haleem tẹ̀ lé mi dé ọ̀dọ̀ Kàsímù, kó fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́, kí wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ mi jáde níṣojú ẹ̀. Kó má yọ fọ́tò yẹn kúrò. Fọ́tò náà dáa, ó mú mi kéré sí i. Ọ̀rọ̀ abẹ́ ẹ̀ ni kó yí padà. Aago Jimoh, kó máa lò ó, ó lè máa fi ka iye ìgbà tó bá mí. Sátidé, a ó jọ padà síbi omi yẹn, èmi àti òun, ibi tó mọ ní ìbàdí péré, títí ẹ̀rù á fi kúrò lára ẹ̀. Mi ò ní pariwo ẹ̀. Ọmọ mi náà ni.

Ó tán. Ẹ wá lè bu omi náà wá báyìí.

Kí ló dé tí ẹ ń wo ìlẹ̀kùn? Ẹ sọ ọ́ sókè, kò sẹ́ni tó ń gbọ́. Ẹ ní ṣé wọ́n ń gba ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta?

Ẹ̀yin? Ẹ̀gbọ́n Àdìjátù, ẹ jẹ́ n gbé ife sílẹ̀ ná, kí n má baà da omi sára. Ha, ẹ̀rín ń ro mí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ dìde, ẹ rìn dé ọ̀hún, kí n wò yín. Orúnkún yín ń dún, kò burú, tèmi náà dún. Wọ́n ń gbà yín, wọ́n á gbà yín dáadáa, èmi ni màá mú yín lọ. Ṣùgbọ́n ká ti jọ sọ ọ́ tán níbí yìí: kì í ṣe Haleem ló máa kọ́ yín lómi.